Ọmọ mi fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ọmọbìnrin yunifásítì ní Amẹ́ríkà: ṣé iṣẹ́ àánú ni àbí ẹgbẹ́ òkùnkùn?

ÌyáÌbejì_Houston · Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ẹni bá sọ níbi iṣẹ́. Kẹ́hìndé mi wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí, ó ní òun fẹ́ wọ ọ̀kan nínú àwọn sorority aláwọ̀ dúdú, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó ń fi lẹ́tà Gíríìkì jẹ́ orúkọ. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó ní iṣẹ́ àánú ni: wọ́n ń pín oúnjẹ, wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà, wọ́n ń ran aráàlú lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Inú mi dùn. Àfi bó ṣe tún ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o." Ibẹ̀ ni àyà mi ti já.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Nàìjíríà lọ́dún 1999. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún yẹn ní Ifẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn lóru tí wọ́n sì pa márùn-ún, kò ní bi mí pé kí ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹgbẹ́ tó ní àwọ̀, tó ní àmì ọwọ́, tó ní ìbúra, tó tún ní kí ọmọ pa ẹnu mọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n sí. Bàbá rẹ̀ kò tíì gbọ́. Owó tí yóò san náà lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ṣé iṣẹ́ àánú ló yẹ kéèyàn san irú owó bẹ́ẹ̀ kó tó ráyè ṣe?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Akọ̀wéÌbàdàn · Ọjọ́ Ajé, aago mọ́kànlá alẹ́

Mà, ẹ má gbà. Lọ́dún 1952 ní University College Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ méje ló dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká wà nínú wọn. Ìgbéraga àwọn ọmọ olówó àti ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n ní àwọn fẹ́ bá jà. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí àdá. Ẹ wo ohun tí àwọn tó ya kúrò lára wọn àti àwọn tó fara wé wọn sọ ọ́ dà nígbà tó yá. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, ìwé ni kó kọjú sí. Tó bá fẹ́ ṣàánú, ilé àwọn ọmọ aláìníyàá wà ní gbogbo ìlú, kò sí ẹni tó ń gba ẹgbẹ̀rún dọ́là lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Nọ́ọ̀sìBaltimore · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ fọkàn balẹ̀, kí n ṣàlàyé ohun tí ojú mi rí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mo sì ti wà nínú Zeta Phi Beta, ọ̀kan nínú àwọn sorority náà, láti ọdún mẹ́rìnlá. Mi ò sí ní yunifásítì nígbà tí mo wọ̀ ọ́. Ẹ̀ka àwọn tó ti jáde ni mo wọ̀, torí ẹgbẹ́ àwa aláwọ̀ dúdú kì í parí lọ́jọ́ tí ọmọ bá gba ìwé ẹ̀rí. Títí ọjọ́ alẹ́ ni. Nínú àwọn tá a jọ ń to ẹrù lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wà níbẹ̀, àwa ọmọdé la sì máa ń sinmi ṣáájú rẹ̀.

Mẹ́rin ni àwọn ẹgbẹ́ obìnrin náà. Alpha Kappa Alpha ni àkọ́kọ́, ní Howard University ní Washington, lọ́dún 1908. Delta Sigma Theta tẹ̀lé e níbẹ̀ lọ́dún 1913, tiwa náà níbẹ̀ lọ́dún 1920. Sigma Gamma Rho jáde ní Indianapolis lọ́dún 1922, tíṣà méje ló dá a sílẹ̀. Ẹ bá mi rò ó, mà. Ọdún 1865 ni oko ẹrú dópin pátápátá ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 1908 yẹn, ẹlòmíràn nínú wọn, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ni wọ́n tà lọ́jà. Ọmọ tó bá dé yunifásítì nígbà náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà lẹ́yìn òun tí kò lè débẹ̀. Ìdí tí iṣẹ́ ìlú fi jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ní ti "ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni", ó yé mi bó ṣe dún létí yín. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń gbà, nítorí náà a kì í fọ́nnu kí wọ́n tó yan èèyàn. Bí ẹni tó ń retí iṣẹ́ tuntun ṣe máa ń dákẹ́ ni. Ẹ lè rí orúkọ àwọn olóyè wa, àdírẹ́sì olú ilé ẹgbẹ́ àti ọjọ́ ìpàdé àpapọ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní gbangba. Ààtò ìgbàwọlé nìkan ni ti inú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an, kó má dà bíi pé mò ń polówó. Láti ọdún 1972 ni Zeta àti March of Dimes, àjọ tó ń rí sí ìlera ìyá àti ọmọ, ti jọ ń ṣe ètò kan tó ń jẹ́ Storks' Nest. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tuntun aláwọ̀ dúdú tó ń kú ní Amẹ́ríkà kí ọdún kan tó pé, tá a bá fi wé ti aláwọ̀ funfun, ó tó ìlọ́po méjì. Àwọn ìyá tó ń kú nítorí oyún àti ìbímọ, ó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta. Bí Storks' Nest ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé aboyún tó bá lọ fún àyẹ̀wò gba máàkì. Tó bá wá sí kíláàsì tá a ti ń kọ́ wọn nípa oúnjẹ, ọmú fífún àti bí ọmọ ṣe yẹ kó sùn, ó gba máàkì. Ó máa kó máàkì náà jọ, á wá fi gba aṣọ ọmọ, ìlédìí, àga ọmọ inú mọ́tò, ibùsùn ọmọ. Kò sí ẹni tó ń wò ó bí alágbe. Ó ṣiṣẹ́ fún un, ó wá yan ohun tó wù ú.

Aboyún kan wà tó wá lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbójú sókè wò mí. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ló bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, orí tó ń fọ́ mi yìí, ṣé ó yẹ?" Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọjọ́ yẹn gan-an la gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìlédìí ló bá wá, mà. Ìlédìí ló mú un jókòó títí ó fi ní ìgboyà láti béèrè.

Akọ̀wéÌbàdàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ àárọ̀

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Mi ò mọ apá ibi tó kẹ́yìn yẹn. Ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀ o: ṣé wọn kì í na àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé?

Nọ́ọ̀sìBaltimore · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀

Wọ́n ti nà wọ́n rí, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní parọ́ fún yín. Lọ́dún 1990 ni ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń pè ní National Pan-Hellenic Council, fòpin sí ìgbà ìdánwò gígùn tí wọ́n máa ń fi àwọn ọmọ tuntun sí. Síbẹ̀ àwọn kan ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, nínú ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú àti ti aláwọ̀ funfun, ẹ̀mí sì ti bá a lọ.

Ìyá Ìbejì, òfin Texas kà á sí ìwà ọ̀daràn. Ìjọba àpapọ̀ náà fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù Kejìlá 2024 tó ń jẹ́ Stop Campus Hazing Act, tó ní kí yunifásítì máa kéde orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó fìyà jẹ ọmọ tuntun. Ẹ lọ wo ojú ìwé yunifásítì ọmọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí orúkọ ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ dá a dúró. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ sókè sí i, tàbí tí wọ́n ní kó má sùn, kó mu ohun kan, kó gbé ohun kan mì, kó dìde kó máa bọ̀ nílé. Kò sí àmì tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

ÀbúròOhio · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago kan ọ̀sán

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Èmi wà nínú ọ̀kan rí fún ọdún kan ààbọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́rin tí àǹtí kà yẹn. Ohun tó lé mi kúrò ni iṣẹ́ àánú náà gan-an. Lọ́dọọdún wọ́n máa ń ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ láti kówó jọ fún àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn. A máa ra ẹ̀wù tuntun, a máa ra bàlúùnù, a máa gba ẹni tó ń ya fọ́tò. Lọ́dún kejì tí mo wà níbẹ̀, èmi ni wọ́n fi ṣe akápò ètò náà. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, owó tá a ná lórí ẹ̀wù àti ọ̀ṣọ́ fi díẹ̀ ju èyí tá a fi ránṣẹ́ lọ. Mo sọ ọ́ nípàdé. Wọ́n ní ẹ̀wù náà ń "polówó àánú". Kò sí ọ̀kan nínú wa tó rí ọmọ kan tó ń ṣàìsàn sójú rí.

Mi ò ní kí Kẹ́hìndé má wọ̀ ọ́. Mo kàn fẹ́ kó béèrè pé ta ni wọ́n ń rí lọ́jọ́ Sátidé, kí sì ni orúkọ àwọn èèyàn náà.

BàbáOníṣirò_Dallas · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, o káre. Iṣẹ́ ìṣírò owó ni iṣẹ́ mi, jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Lójú òfin owó orí Amẹ́ríkà, ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó wà ní yunifásítì sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ́ afẹ́. Owó tí ọmọ san láti wọlé, owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ọrẹ àánú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá ní àjọ àánú mìíràn lọ́tọ̀, tí ìwé owó rẹ̀ yàtọ̀. Ti Alpha Kappa Alpha ni Educational Advancement Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1980, tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ilé ìwé. Àjọ àánú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù 990 ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ kà á. Ẹ wo iye tó wọlé, ẹ wo iye tó jáde, ẹ wo ẹni tí wọ́n fún.

Kí n sì sọ ti ẹgbẹ̀rún dọ́là yẹn. Ó pọ̀ fún ọmọ ilé ìwé, òótọ́ ni. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní kì í ráyè wọlé, ó sì máa ń dùn mí, torí àwọn gan-an ló mọ ohun tí àìní jẹ́.

TíṣàÌtàn_DC · Ọjọ́rú, aago méje alẹ́

Mo ti ń ka ìjíròrò yín láti àná. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbí, ìtàn kan sì wà tí mi ò lè mọ́ra láti má sọ, torí òun ló dáhùn ìbéèrè Àbúrò Ohio.

Ida Louise Jackson ni ààrẹ Alpha Kappa Alpha lọ́dún 1934. Tíṣà ni, ní Oakland, California, ṣùgbọ́n Vicksburg ní Mississippi ni wọ́n bí i sí. Ó rò ó pé kí ẹgbẹ́ òun lọ ran àwọn tíṣà abúlé lọ́wọ́ nílé. Lexington, ní Holmes County, ni wọ́n ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé náà. Wọn ò pẹ́ rí i pé ìwé kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ń ṣàìsàn. Ibà ń ṣe wọ́n, ebi ń pa wọ́n, eyín ń dùn wọ́n, kò sí dókítà tó ń wò wọ́n. Tíṣà wo ló fẹ́ kọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná?

Wọ́n yí iṣẹ́ padà. Lọ́dún 1935, Dókítà Dorothy Boulding Ferebee, tó kàwé ìṣègùn ní yunifásítì Tufts tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Howard, kó àwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà jọ, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Wọ́n wa mọ́tò ara wọn láti Washington dé Mississippi. Ẹ rántí irú ọdún wo ni 1935 fún obìnrin dúdú lójú ọ̀nà gúúsù: ilé ìtura kò gbà wọ́n, ilé oúnjẹ kò tà fún wọn.

Ètò wọn ni láti ṣí ibùdó ìtọ́jú káàkiri, kí àwọn èèyàn máa wá bá wọn. Àwọn tí wọ́n ń retí kò lè wá. Àgbẹ̀ tó ń ro oko òwú olóko, tó ń pín irè pẹ̀lú onílẹ̀, tí gbèsè sì dè é mọ́lẹ̀ láti ọdún dé ọdún ni wọ́n. Àwọn onílẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kúrò lóko. Ẹ̀rù ń ba àwọn onílẹ̀ pé àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé yìí wá la àwọn àgbẹ̀ lójú ni.

Ibi tí mo ti máa ń dákẹ́ díẹ̀ nínú kíláàsì nìyí. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá ti padà sílé, wọn ì bá sọ pé àwọn gbìyànjú. Àwọn obìnrin wọ̀nyí di oògùn àti abẹ́rẹ́ sínú mọ́tò, wọ́n gbé ibùdó ìtọ́jú tọ àwọn èèyàn lọ sínú oko. Dókítà Ferebee fúnra rẹ̀ ròyìn bí àwọn tó ń ṣọ́ oko ṣe ń gun ẹṣin lọ gun ẹṣin bọ̀ láàárín àwọn aláìsàn, ìbọn lára wọn, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń bi aláìsàn. Lábẹ́ ojú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára diphtheria, àrùn tó máa ń dí ọmọ lọ́fun, àti ti ilẹ̀ gbígbóná, ìyẹn smallpox. Àwọn àgbà yín mọ ìdí tí mo fi pè é ní ilẹ̀ gbígbóná. Wọ́n ń tọ́jú eyín, wọ́n ń kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ní àkókò tí gbogbo wọn ì bá fi sinmi. Owó ẹgbẹ́ ló ń gbé e. Wọ́n ṣe é títí di 1942 tí ogun mú epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba abẹ́rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí ọgbọ́n tí wọ́n kó níbẹ̀ gbé wọn dé. Wọ́n rí i pé tí abẹ́rẹ́ bá wọ ara ọmọ lónìí, òfin tó fi bàbá rẹ̀ sínú gbèsè ṣì wà níbẹ̀ lọ́la. Lọ́dún 1938, Norma Boyd, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ẹgbẹ́ náà ró ní ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí wọ́n yan aṣojú kan sí Washington láti máa bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Delta náà ti gba ọ̀nà yẹn ṣáájú. Àwọn obìnrin 22 ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1913. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta, kò tíì pé oṣù méjì, wọ́n ti wà nínú ìwọ́de àwọn obìnrin tó ń béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò ní Washington, Mary Church Terrell sì bá wọn rìn.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, tí Kẹ́hìndé bá ní àwọn ń forúkọ aráàlú sílẹ̀ fún ìdìbò, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí iṣẹ́ yẹn ti wà.

ÀbúròOhio · Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ alẹ́

Mi ò gbọ́ èyí rí láyé mi. Ẹ ṣeun, sà. Mo ka ibi ẹṣin yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

ỌmọẸ̀gbá_Tennessee · Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá alẹ́

Kí a má rẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun náà jẹ o. Níbí ní Tennessee, Pi Beta Phi, ẹgbẹ́ obìnrin tó ti wà láti 1867, ṣí ilé ìwé sí Gatlinburg lọ́dún 1912, nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ abúlé àárín òkè tí ọ̀nà mọ́tò kò dé. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, wọ́n mú nọ́ọ̀sì wá, wọ́n sì bá àwọn ìyá tó ń hun aṣọ òfì tiwọn tà á fún àwọn tó wà lọ́nà jíjìn, kí owó lè máa wọlé fún wọn. Nígbà tó yá, ìjọba gba ilé ìwé náà, ibi iṣẹ́ ọwọ́ ló kù, Arrowmont ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Mo ti dé ibẹ̀. Ọmọ àlàárì ni ìyá mi, òfì ló ń hun, mo dúró síwájú òfì wọn, omi bọ́ lójú mi.

Ní ti ijó àti bàlúùnù, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń jó. Ní yunifásítì Penn State, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jó fún wákàtí 46 láìjókòó, láìsùn, fún àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ. Ọdún 1973 ló bẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n rí lọ́dún àkọ́kọ́ kọjá 2,000 dọ́là díẹ̀. Ní báyìí ó ti ń lé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là lọ́dún, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin sì wà lára àwọn tó ń ṣe é jù. Àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn náà máa ń wá síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ wọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Àbúrò nìyẹn.

MàmáAbẹ́òkúta · Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún àárọ̀

Ẹ kú ìdájí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ẹ ń pè ní ẹgbẹ́ tí kì í tán lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, a ní in nílé. Àwa tá a jọ jáde ní girama obìnrin, a ti pé ọdún 52 tá a ti ń pàdé. Ogún ọdún àkọ́kọ́, aṣọ ni. A rà á fún ìsìnkú, a rà á fún ìsọmọlórúkọ, a rà á fún ọjọ́ ìbí. Lọ́dún kan, ọ̀kan nínú wa lọ wo ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí kan, ó bá ọmọ náà lórí ilẹ̀, torí bẹ́ẹ̀dì ò tó. Ó wá sípàdé, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀yin aya Kristi, ẹ̀yin Alhaja, tá a bá tún ra léèsì lọ́dún yìí, èmi ò sí nínú ẹ." Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà la rà lọ́dún yẹn. A ò sì kọ orúkọ sí i lára. Ẹlòmíràn fẹ́ kọ ọ́, a ní rárá.

Ìyá Ìbejì, lọ pẹ̀lú ọmọ rẹ lọ́jọ́ kan. Má bi wọ́n ní nǹkan kan. Jókòó, kí o máa wo ojú ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Tí ojú ẹni náà bá wà nílẹ̀, mú ọmọ rẹ lọ sílé.

Nọ́ọ̀sìBaltimore · Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo máa ka èyí fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

ÌyáÌbejì_Houston · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Ẹ̀yin ará mi, mo jẹ yín ní gbèsè ìròyìn.

Mo sọ fún bàbá wọn lọ́jọ́ tí mo ka ti Màmá Abẹ́òkúta. Ó bínú fún ọjọ́ méjì, ó wá ka ti Tíṣà Ìtàn, ó dákẹ́. A jọ wo ojú ìwé yunifásítì, orúkọ ẹ̀ka kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sí lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi. A pe Kẹ́hìndé, a jọ sọ ọ́ yanjú: kò sí ohun tó máa fi pamọ́ fún wa nípa ara rẹ̀. Ó fi omijé ṣèlérí. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ ló wà lọ́kàn mi, torí mi ò sọ ọ́ fún wọn rí. Òótọ́ ló sọ. A jókòó di aago méjì òru, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá mo bá a lọ. Odò ìwẹ̀ àdúgbò kan ni wọ́n lọ, àwọn àgbà Sigma Gamma Rho ní ètò kan pẹ̀lú USA Swimming, àjọ eré ìwẹ̀ Amẹ́ríkà, láti kọ́ ọmọdé ní ìwẹ̀ odò, wọ́n ń pè é ní Swim 1922. Kẹ́hìndé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń kú sómi ní orílẹ̀-èdè yìí pọ̀ ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin àti àṣà kò jẹ́ kí bàbá wọn àgbà wọ odò ìwẹ̀. Ìyá tí kò mọ ìwẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ omi, bí ẹ̀rù yẹn ṣe ń tọ ìdílé lẹ́yìn nìyẹn. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ó di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ọmọ mi kò fà á. Ó jókòó tì í létí omi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ da omi. Nígbà tó yá, ọmọ náà ló kọ́kọ́ wọlé. Màmá, mo wo ojú rẹ̀ bí ẹ ṣe ní. Ojú rẹ̀ kò sí nílẹ̀.

Kẹ́hìndé kò tíì mọ èyí tó máa wọ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní òun máa fi ọdún yìí bá gbogbo wọn ṣiṣẹ́ ná, kò sì pọn dandan kéèyàn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kó tó lè wá. Akọ̀wéÌbàdàn, ibi tí ọ̀rọ̀ yín wọlé sí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ ra ìlédìí fún Storks' Nest tó wà nítòsí wa. Ìwọ̀n wo ni kí n rà? Ti ọmọ jòjòló?

Nọ́ọ̀sìBaltimore · Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, mà, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Níbi tiwa, ti ọmọ jòjòló ni gbogbo èèyàn máa ń gbé wá. Ìwọ̀n kẹrin sókè ló máa ń tán.